Aláṣọ Pupa Nínú Òjò Dídì

Ìwé ọmọdé ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá báyìí, tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ìwé ọmọdé kẹ̀? Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àní gbogbo wa pátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo pín bébà àti kíréyọ́ọ̀nù fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Mo ní kí kálukú ya ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mọ́kànlá ló wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo kó bébà wọn jọ, méje nínú wọn ló ya irun gígùn tó wọ́ dé èjìká sí ara wọn lórí, tí wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó dúdú bí kóró iṣin, ó ń dán. Òun kò tilẹ̀ kun ojú ara rẹ̀ rárá, ó fi í sílẹ̀ ní funfun bí bébà ṣe wà. Mo bi í pé, "Àṣàkẹ́ mi, ta nìyí?" Ó ní, "Èmi ni, Àǹtí." Mo ní, "Ṣé bí o ṣe rí nìyí?" Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè mi kò mọ́gbọ́n dání. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé òótọ́ ni ọmọ sọ. Àwọn àwòrán tó wà lára ògiri kíláàsì wa, ta ló lẹ̀ wọ́n síbẹ̀? Àwa náà ni. Dáfídì tó wà níbẹ̀, olójú búlúù ni. Sámúẹ́lì kékeré, irun wúrà ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó yí Olúwa wa ká, kò sí ìkankan nínú wọn tó jọ ọmọ tẹ́nikẹ́ni nínú ìjọ wa lè gbé pọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń wo nǹkan wọ̀nyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí la fẹ́ kó rò?

Àárín ìrònú yìí ni mo wà tí àbúrò mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ìwé mẹ́rin ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Ezra Jack Keats. Èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni The Snowy Day, ìtàn ọjọ́ kan tí òjò dídì bo ìlú. Ọdún 1962 ló jáde. Ní 1963, wọ́n fún Keats ní àmì ẹ̀yẹ Caldecott nítorí rẹ̀, ẹ̀bùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà máa ń fún ayàwòrán tí ìwé ọmọdé rẹ̀ bá ta yọ jù lọ́dún kan. Ní 2020, Ilé Ìkàwé Gbogboogbò ti New York kéde pé láti ìgbà tí àwọn ti wà, ìwé yìí ni àwọn èèyàn yá jù lọ́wọ́ àwọn: ìgbà 485,583.

Ẹ gbọ́ ìtàn inú rẹ̀, kò gùn. Ọmọkùnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Peter jí lówùúrọ̀, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí i pé òjò dídì ti bo gbogbo nǹkan. Ó wọ aṣọ òtútù rẹ̀ pupa tó ní fìlà ṣóńṣó, ó bọ́ síta. Ó rìn báyìí, ó rìn báyẹn, ó ń wo ipa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fi sílẹ̀. Ó rí ọ̀pá kan, ó fi gbá igi tí òjò dídì bò, gbìì, òjò dídì já lé e lórí. Ó wù ú kó bá àwọn ọmọ tó jù ú lọ ṣeré, ó sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun kò tíì tó ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tó ń wọlé lọ, ó bu òjò dídì, ó ṣù ú, ó kì í bọ àpò, ó di ọ̀la. Ìyá rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ròyìn gbogbo ohun tó ṣe fún un. Ó wẹ̀. Kó tó sùn, ó yẹ àpò wò, àpò ṣófo. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó lá àlá pé oòrùn ti yọ́ gbogbo òjò dídì tán. Ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé ó ṣì wà, òmíràn tún ń rọ̀. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, àwọn méjèèjì bọ́ síta. Ó tán.

Ó tán lóòótọ́. Àwa tí a kò lè parí ìtàn ọmọdé láìsọ pé "ìtàn yìí kọ́ wa pé," ìwé yìí á kọ́kọ́ rú wa lójú. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ọmọ aláìgbọràn tí ìyà jẹ. Ọmọ kan gbádùn ọjọ́ kan tí Ọlọ́run dá, ó pàdánù nǹkan kékeré kan, ó sunkún inú, ilẹ̀ sì mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò fẹnu bà rárá, ìyẹn ni pé Peter dúdú. Ọmọ adúláwọ̀ ni. Àwòrán ló sọ ọ́ fún wa.

Ta wá ni ẹni tó ya á? Keats kì í ṣe adúláwọ̀. Ọmọ Júù ni, Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1916, àwọn òbí rẹ̀ sì ti Pólàndì wá. Jacob Ezra Katz ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1947 ló yí orúkọ padà, nítorí pé láyé ìgbà náà, orúkọ Júù nìkan tó láti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ èèyàn. Láti 1954 ló ti ń ya àwòrán sínú ìwé ọmọdé tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Bó ṣe ń ya á lọ, ó kíyè sí i pé nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń gbé wá bá òun, kò sí èyí tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ọmọ dúdú. Ẹni tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ dùn ní nǹkan rí ló tètè mọ̀ pé ẹnì kan kò sí nínú àwòrán.

Ṣùgbọ́n Peter ti ń dúró dè é tipẹ́. Ní 1940, Keats rí àwòrán mẹ́rin ti ọmọkùnrin dúdú kékeré kan nínú ìwé ìròyìn Life. Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ náà fún àyẹ̀wò, kámẹ́rà sì mú bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà bí nǹkan ṣe ń lọ. Keats gé àwòrán náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọdún 22 kọjá kí ọmọ yẹn tó di Peter. Nítorí náà, nígbà tó dé inú ìwé, ó ti di ẹni tí ayàwòrán mọ̀ bí ẹni mowó. Èyí ló fà á tí Peter kò fi dà bí ọmọ tí wọ́n kàn fi kún ìwé kí ẹnu aráyé má bàa gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe iṣẹ́ náà, torí ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Keats kò fi ọ̀dà nìkan ya ìwé yìí. Ó ń gé bébà aláràbarà, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra, bí ìyá àgbà ṣe ń to àjákù aṣọ títí yóò fi di aṣọ ìbora. Aṣọ tí ìyá Peter wọ̀, aṣọ onírọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Aṣọ tó wà lórí ibùsùn, aṣọ líle tí àwọn ayàwòrán ń ya nǹkan sí ni. Àwọn ẹ̀wọ́ òjò dídì tó ń rọ̀, rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ló gbẹ́ bí òǹtẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kílíínà. Ó sì ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ inú tàdáwà dúdú, ó wọ́n ọn sára bébà, ìyẹn ló fi rí ojú òru nínú yàrá ibi tí Peter sùn sí. Bébà, rọ́bà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò sí nílé wa?

Ẹ wá wo Peter fúnra rẹ̀. Pupa lára funfun: ọmọ tí kò tíì mọ ABD yóò rí i kíá ní gbogbo ojú ewé. Mo dán an wò. Mo gbé ìwé náà síwájú ọmọ ọdún méjì kan, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ìka rẹ̀ ń lé Peter kiri. Ní ọ̀pọ̀ ojú ewé, ọmọ náà kéré gan-an, òjò dídì ló gba gbogbo àyè, ìgbà mìíràn ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la ń rí. Síbẹ̀, láti ara bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀, èèyàn mọ̀ pé ẹnu ń yà á. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìyẹn. Ayàwòrán tí kò dájú á fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n àti ojú ràgàjì kún ojú ọmọ kí a lè mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn. Keats fi ẹ̀yìn ọmọ lásán ṣe é. Òjò dídì rẹ̀ náà kò sì funfun kannáà. Búlúù wà níbẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ àlùkò wà níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti gbọ́ nípa òjò dídì nínú orí kìíní ìwé Àìsáyà, kò sì sí ẹni tó rí i rí nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé yẹn, ọ̀kan fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ó tutù."

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yìn ín o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nancy Larrick kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Saturday Review nípa ayé funfun báláú tó wà nínú ìwé ọmọdé. Ó ka ìwé 5,206 tí àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé 63 gbé jáde láàárín ọdún mẹ́ta. 349 péré ló ní ẹyọ adúláwọ̀ kan nínú. Nígbà tó dé orí ìwé Keats, ó fi ìka tọ́ ìyá Peter: obìnrin ńlá kan nínú aṣọ ìyeyè alápótí tó ń kígbe. Ó tún dùn ún pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kò sọ pé Peter dúdú. Inú Keats kò dùn rárá, ó sì fèsì.

Ta ló jàre? Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ìyá Peter jọ Màmá Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ ní ọjọ́ Ìkórè! Obìnrin tó sanra, tó wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, níbo ni ẹ̀gàn wà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n mo tún un rò. Ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń ya obìnrin dúdú bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀sín, tó ń tọ́ ọmọ olówó. Àwòrán kì í dá rìn. Gbogbo èyí tí wọ́n ti yà ṣáájú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Larrick rí àwọn tó tẹ̀ lé e yẹn, kò jẹ̀bi. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ìyá Peter kò sí nílé olówó kankan. Ilé ara rẹ̀ ló wà, ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀ ló ti ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ní ti pé ìwé kò sọ pé ọmọ náà dúdú, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìwé wo lẹ ti rí i kà rí pé "Ọmọ funfun kan jí lówùúrọ̀"? Ohun tí kò bá jẹ́ ìyàlẹ́nu, a kì í kéde rẹ̀. Dídákẹ́ tí Keats dákẹ́ ló fi sọ pé ọmọ ni ọmọ.

Ohun tí mo rí bí àbùkù yàtọ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́ yìí, bàbá kò sí. Keats wá a rí lẹ́yìn náà. Nínú Peter's Chair, tó jáde ní 1967, bàbá ló ń kun àga ọmọ tuntun ní àwọ̀ òdòdó fún àbúrò Peter, Susie. Peter bínú, ó gbé àga tirẹ̀ sá jáde. Nígbà tó fẹ́ jókòó sórí rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò gbà á mọ́! Ó ti dàgbà, kò mọ̀. Ó padà wọlé, òun àti bàbá rẹ̀ ló jọ kun àga náà fún àbúrò. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kejì, ẹ wá ìwé yìí.

Àbùkù kejì ni ti àwọn ọmọbìnrin. Nínú àwọn ìwé Peter, Susie wà nínú ibùsùn ọmọ ọwọ́, Amy, ẹni tí Peter kọ lẹ́tà ọjọ́ ìbí sí ní 1968, kò sì rí àyè tó pọ̀ sọ̀rọ̀. Àṣàkẹ́ mi náà rí i. Ó ní, "Àǹtí, ti ọmọbìnrin dà?" N kò rí èsì fún un.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí Keats ṣe tó ṣọ̀wọ́n. Ó jẹ́ kí Peter dàgbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìtàn inú ìwé ọmọdé, ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń jẹ́ títí ayé. Ní 1964, Peter ń kọ́ bí a ṣe ń súfèé pe ajá rẹ̀, Willie. Ní 1969, nínú Goggles!, ó ti ga, àwọn ọmọ jàgídíjàgan ló ń lé e ládùúgbò tí ògiri rẹ̀ ti ń wó. Nígbà tí Pet Show! jáde ní 1972, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Archie ló gba iwájú, Peter ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ayàwòrán tó fẹ́ràn ẹ̀dá ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì lè fi í sílẹ̀ kó máa lọ, mo kí i.

Ìtàn kan kù kí n tó jókòó, ti Keats pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ni. Ilé oúnjẹ kan ni Bàbá Katz ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ wí pé àwòrán yíyà kò lè bọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á mú ọ̀dà ìyàwòrán bọ̀ wálé, á ní ayàwòrán kan tí ebi ń pa ló fi gba abọ́ ọbẹ̀ kan lọ́wọ́ òun. Irọ́ ni, owó ara rẹ̀ ló fi ń rà á. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1935, nígbà tí ọmọ fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, bàbá ṣubú lójú pópó, ó kú. Ọmọ ló lọ tọ́ka sí òkú. Nígbà tí wọ́n ṣí àpamọ́wọ́ bàbá, àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ti gé ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti ṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ́ ya: ìròyìn gbogbo ẹ̀bùn tí ọmọ rẹ̀ ti gbà nídìí àwòrán.

Ẹ̀yin bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọmọ tó ń ya nǹkan sẹ́yìn àpòòwé ọrẹ, tí ẹ ń gbá lórí, ẹ má jẹ́ kó di inú àpamọ́wọ́ yín kó tó mọ̀ pé ẹ rí òun. Èmi náà kò mọ́ níbẹ̀. Mo ti gba bírò lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin rí láàárín ìwàásù, mo sì ju èyí tó yà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. N kò rántí ohun tó yà mọ́. Òun rántí.

Ìdí rẹ̀ tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí. Ìjọ wa fẹ́ tẹ ìwé ìtàn Bíbélì kékeré fún àwọn ọmọ wa. Nígbà ìpàdé, ẹnì kan ní kí a lọ wa àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ṣé àwòrán kì í ṣe àwòrán ni? N kò bínú sí i. Owó kò tó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ohun tí Keats fi ṣe tirẹ̀ fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ àwòrán yà wà nínú ìjọ yìí. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní iṣẹ́ náà, kí a sì sanwó fún wọn, bó ti wù kó kéré mọ. Sámúẹ́lì tó sùn nínú tẹ́ńpìlì, ẹ jẹ́ kí ó jọ ọmọ tí a lè rí ní àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ kí Míríámù náà, tó ń ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ létí odò, gba ojú ewé kan fún ara rẹ̀, kí n lè rí èsì fún Àṣàkẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos níbí mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ wa máa ń bá yìnyín dé nígbà mìíràn. Lọ́dún yìí, ọjọ́ Ìsinmi ló rọ̀, a wà nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ sáré jáde, n kò lè dá wọn dúró. Nígbà tí a ń jáde lọ sílé, ọmọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Àpò ti rin gbingbin. Kí n tó ya ẹnu, Àṣàkẹ́ ti fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ní, "Má sunkún. Bí ti Peter náà ṣe ṣe nìyẹn. Òmíràn máa rọ̀."